Wákàtí Mẹ́ta Àbọ̀ Tó Kù Láti Kánò dé Ọ̀fà

Aago mẹ́jọ àárọ̀ òní ni wọ́n pè mí pé Bàbá mi kú ní Ọ̀fà.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, aago mẹ́rin, ni wọ́n fẹ́ sin wọ́n. Wákàtí mẹ́jọ ni mo ní.

Mo kó gbogbo owó ọjà, mo sáré lọ bá obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Enugu Road, ní Kánò níbí. Èyí tó wà, Èkó ló ń lọ. Á gbéra láago méjìlá, á balẹ̀ láago kan àbọ̀. Èkó sí Ọ̀fà, wákàtí mẹ́fà lórí títì. Ó di aago méje àbọ̀, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Mọ́tò láti Kánò ńkọ́? Wákàtí mẹ́rìnlá.

Mo pe àbúrò mi ní Ọ̀fà pé kí wọ́n dúró dè mí.

"Bùrọ̀dá, ṣebí wákàtí kan àbọ̀ ni bàálù?"

"Dé Èkó nìyẹn, Súlè. Ṣé Èkó lẹ fẹ́ sin Bàbá sí ni?"

Ó ní: "Ẹ má bínú. Àfáà ní òkú ò gbọdọ̀ sùn nílẹ̀."

Mo dá owó padà sápò.

Aago mẹ́rin ti kọjá. Wọ́n ti sin wọ́n, èmi àkọ́bí wọn ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí òbí yín wà nílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wákàtí mẹ́ta àbọ̀ tí mo jẹ Bàbá yìí, níbo ni màá ti rí i san?