Ìlà Tí Mo Gbà Kí Wọ́n Fagi Lé

Nígbà tí owó epo bẹntiróò fò sókè, tí òṣìṣẹ́ ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ kẹ̀kẹ́ láti Lokongoma wá síbi iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ wa ní Lokoja fún wa láyè díẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta lọ́fíìsì, ọjọ́ méjì nílé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbapò lọ́wọ́ wa, nítorí ohun tí wọ́n máa ń sọ nínú ìpàdé nípa ìjà tó tẹ̀ lé e ni pé a borí. Irọ́ kọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò pé.

A wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, oníkálùkù sì tún ilé rẹ̀ tò. Obajana lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú àbíkẹ́yìn wa, Ìní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Délé, ọmọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìyàrá. Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Ó lè dáná sílẹ̀ kó jáde lọ wá ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Lọ́jọ́ méjì tí Délé bá wà nílé, òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ mẹ́ta yòókù, aránṣọ kan tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ní Gadumo máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, kó lè máa ṣọ́ màmá. Mo bi Délé lọ́jọ́ kan bóyá kò tíì sú u.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó ti kàn mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni a bá ìwé lára ògiri: gbogbo òṣìṣẹ́ yóò padà sí ọjọ́ márùn-ún, aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tẹ̀ka nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde, wọ́n á kà á sí ẹni tí kò wá.

A jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì fún ọjọ́ mẹ́ta, a kò wọlé. Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn wá. Délé gbé màmá wá, ó fi í sórí àga oníke lábẹ́ igi dóńgóyárò. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà jáde sí wa, ó sì dúró níwájú màmá.

"Mama, ta ló gbé yín wá síbí?"

Màmá wò ó títí, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ìyàrá. "Òkun o, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀gá yí padà, ó wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe èmi àti alága wa sí yàrá ìpàdé. Mo rò pé màmá ti bá wa borí.

Ìlà méjì ló wà nínú ìwé tí a gbé lọ. Èkínní ní kí ìyá tó bá ní ọmọ kékeré máa lọ láago méjì. Èkejì ní kí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tàbí aláìsàn nílé náà máa lọ láago méjì. Ọ̀gá mú gègé, ó fagi lé èkejì.

Ó ní, "Tọmọ yé mi. Ọmọ ń dàgbà. Arúgbó ńkọ́, ta ni kò ní? Bí mo bá gba èyí, ilé yìí á ṣófo láago méjì."

"A ó máa mú ìwé dókítà wá," mo ní.

"Ìwé dókítà kò ṣòro láti rí. Ẹ gba ìlà kan yìí, tàbí kí ẹ padà sórí àtẹ̀gùn."

Alága fẹnu sí mi létí. "Akọ̀wé, ó ti ń rẹ àwọn èèyàn wa. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ ká gba èyí, ká padà wá torí èkejì."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn kan ti ń yọ́ lọ tẹ̀ka láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò tíì sọ nínú ìpàdé kankan rí ni pé Ìní ni mò ń rò. Tèmi wà nínú ìlà kìíní. Mo fọwọ́ sí i.

Níta, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń dì mọ́ mi. Délé dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ńkọ́?"

"A ó padà sórí ẹ, Délé. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

Aránṣọ náà ní òun kò lè fi ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀, nítorí òun ní ọjà tí òun ń ná. Bí Délé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti màmá mọ́lé lọ́jọ́ méjì tí aránṣọ kò bá wá nìyẹn, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi nínú jọ́ọ̀gì. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan. "Ẹ̀yin lẹ máa ń jáde láago méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi yọjú sí i."

Mo yọjú. Mo máa ń ṣí fèrèsé fún un, mo máa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, títí àkókò tí màá lọ mú Ìní nílé-ìwé á fi tó. Ìgbà ooru ni. Ẹ̀yin náà mọ ooru ìlú yìí: bí kò bá síná, ńṣe ni páànù máa ń yan èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí láti ilé-ìwé pé ara Ìní gbóná. Mo sáré lọ. Láti ilé-ìwé, mo yà ra oògùn. Láti ibẹ̀, ó di ilé. Mo ń fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀ títí ó fi sùn. N kò rántí kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú báàgì mi títí fóònù fi dún, nígbà tí aago mẹ́fà ń lọ lù. Ohùn Délé rọra ń jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ yà lónìí?"

"Rárá. Ara Ìní ló..."

"Ó dáa," ó ní, ó sì gé e.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti bá màmá nílẹ̀. Omi ti tán nínú jọ́ọ̀gì. Ọjọ́ méjì ló lò nílé ìwòsàn kó tó kú. Dókítà ní ooru àti àìrí omi mu ló fà á.

Nígbà ìsìnkú ní Ìyàrá, mo kúnlẹ̀ níwájú Délé, èmi tí mo jù ú lọ. Ó fà mí dìde. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn."

"Èmi ni mo fọwọ́ síwèé," mo ní.

Kò jà mí níyàn.

Ìlà kìíní ṣì wà títí dòní. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì wa láago méjì, ẹ ó rí àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n ń jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì mọ orúkọ mi. Ohun tí a jèrè nìyẹn, n kò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú. A ti gbé ìlà kejì lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti kúrò nípò akọ̀wé. Gbèsè náà ti di tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ máa jókòó sí tábìlì yẹn, bí wọ́n bá ní kí ẹ yan ẹni tí ẹ máa fi sílẹ̀ lára àwọn èèyàn yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ tiyín wà lára àwọn tó máa wọlé. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ gbé gègé sílẹ̀, kí ẹ jáde lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn.

Délé ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún un ní ìwé ìyìn níwájú gbogbo wa, pé kò pẹ́ dé rí, kò sì fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àkókò tó tó. Ó kí wọn, ó ká ìwé náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.