Bí Bàbá Oníwẹ́ńdà Ṣe Ń Yà sí Ọ̀tún

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn gáréèjì Ìkòròdú lónìí, tí ẹ dárúkọ olóògbé Oríyọmí Fábíyìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó kó àgbàlagbà mẹ́ta lẹ́yìn lọ bẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ òun síṣẹ́ o. Ó lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà sídìí eré ìje ni.

Wẹ́ńdà lorúkọ ọkọ̀ náà, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni ilé iṣẹ́ yìí fi ń kó ọkọ̀ lọ síbi eré ìje kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ogójì ọkọ̀ tó jọ tojú pópó ti ń sáré yípo pápá, tí gbogbo wọn ń yà sí òsì nìkan títí eré á fi parí. Wẹ́ńdà ò gba ipò kìíní rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n sáré tí Oríyọmí, tó fi Wẹ́ńdà pupa kan ṣe ẹṣin gùn, kò jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún, pé kí Wẹ́ńdà gba ipò kìíní. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà wá kéde pé àwọn ò sáré mọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni Oríyọmí, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníwẹ́ńdà, ò fọwọ́ kan sípánà.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìyàwó bá bínú kúrò nílé, àgbà là ń rán lọ bẹ̀ ẹ́. Oríyọmí rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí ìyàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó gba Èbúté lọ, ó lọ pe Bàbá Nehemiah, àgbà apẹja kan tó ti bẹ ìyàwó méje padà sílé ọkọ. Bàbá Nehemiah ò mọ ọkọ̀ kankan ju èyí tó ń rìn lórí omi lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀bẹ̀.

Ni àwọn méjèèjì àti àgbà méjì mìíràn bá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan kan, ó di ọ́fíìsì àwọn tó ń bá Wẹ́ńdà ta ọkọ̀, lọ́nà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìkòròdú. Tiwalọlá lorúkọ máníjà wọn, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, àgbàlagbà mẹ́rin ló rí tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kíá lòun náà kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kí ni mo ṣe?"

"A ò dìde," ni Bàbá Nehemiah wí látilẹ̀, "àfi tẹ́ ẹ bá sọ ẹni tó ṣẹ̀ yín."

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ wá, sà. Àwọn ọ̀gá wa lókè òkun ló ní àwọn fẹ́ gbájú mọ́ ọkọ̀ táwọn èèyàn ń gùn lọ síbi iṣẹ́."

"A gbọ́. Obìnrin tó bínú jáde nílé kì í kọ́kọ́ sọ ohun tó lé e jáde."

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi fà á. Òórùn ẹja ti borí ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn oníbàárà sì ti ń yọjú kí Tiwalọlá tó ṣèlérí pé òun máa kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá òkè òkun náà. Oríyọmí ní kó kọ ọ́ lójú òun. "Sọ fún wọn pé Oríyọmí Fábíyìí tó ń gbé ní Ìkòròdú ní kí wọ́n má bínú."

Nígbà tí ìròyìn náà dé Ẹ̀pẹ́, Saheed rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òun àti Oríyọmí ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́jọ́un àná, kí Saheed tó lọ máa tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó ti búra pé ìdí òun ò ní kan àga Wẹ́ńdà láéláé.

"Oríyọmí, o lọ dọ̀bálẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó ń gba ipò kẹtàlélógún?"

"Nígbà tí ìyàwó tìẹ lọ, ṣé ipò kìíní ló ń gbà tá a fi bá ọ bẹ̀ ẹ́?"



Ọ̀rọ̀ Wẹ́ńdà pupa yẹn fúnra rẹ̀ tún ńkọ́? Oríyọmí ti ṣàkíyèsí pé apá òsì ọkọ̀ eré ìje máa ń relẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ, kó lè rọrùn láti yí. Lòun náà bá gé sípíríìnì apá òsì ọkọ̀ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tó mọ òsì í yà sí bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìkòròdú. Àmọ́ tó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, ṣe ni táyà á máa ké. Ọgbọ́n tó wá dá ni pé tó bá dé ibi tó yẹ kó ti yà sí ọ̀tún, á kọjá rẹ̀, á wá yà sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìbíjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló jìyà ẹ̀, nítorí apá ọ̀tún ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà. Wọ́n ń pẹ́ẹ́ dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sú u.

"Bàbá Dùnsìn, ẹ rántí o. Apá ọ̀tún làwọn ẹni ìgbàlà máa wà lọ́jọ́ ìdájọ́."

"Mo mọ̀," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Màá yà sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta, màá sì bá yín níbẹ̀."

Lẹ́yìn ọdún méjì, Wẹ́ńdà padà sídìí eré ìje. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ́ńjìnnì tuntun tí àwọn ṣe ló fà á. Oríyọmí kàn mi orí ni. Ó pe Tiwalọlá lórí fóònù, ó bi í bóyá lẹ́tà ọjọ́sí dé ọwọ́ wọn, ọmọ náà sì fèsì pé, "Ó dé ọwọ́ wọn, sà, wọ́n sì kà á." Ó tán. Láti ìgbà náà, bí Bàbá Nehemiah bá ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á ní òun ti bẹ ìyàwó méje àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan padà.

Lọ́dún tí wọ́n padà, wọ́n gba ipò kẹta. Oríyọmí wa ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́ lọ sọ ọ́.

"Kẹta kọ́ ni kìíní," ni Saheed wí.

"Ibi táwọn kìíní ń gbà kọjá náà nìyẹn."

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, lẹ́yìn tó mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, Oríyọmí ní kí Ìbíjọkẹ́ bá òun pa tẹlifíṣọ̀n, ó sùn, kò jí mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Dùnsìn ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń ṣe mẹkáníìkì, pààrọ̀ sípíríìnì Wẹ́ńdà náà lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ̀ náà sì dúró déédéé.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Wẹ́ńdà gba ipò kìíní. Saheed, tó ní òun kì í wo ìranù yẹn, ló kọ́kọ́ pe Ìbíjọkẹ́.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ó ti gbà á."

Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbọ́ tirẹ̀, dandan ni kó padà lọ dúpẹ́. Bàbá Nehemiah kó àwọn àgbà jọ, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n kù, ipò ẹnìkan sì ṣófo. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Saheed dé láti Ẹ̀pẹ́ tòun ti apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan lórí. Ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì jókòó sórí àga Wẹ́ńdà. Bàbá Nehemiah jókòó tì í, Ìbíjọkẹ́ àti àwọn àgbà méjì tó kù wà lẹ́yìn.

Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí ilé iṣẹ́ náà. Saheed ò dẹwọ́ eré.

"Saheed, ọ̀tún níbí yìí," ni Bàbá Nehemiah wí. "Ọkọ̀ náà sì ti lè yà sí ọ̀tún báyìí."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ó kọjá ibẹ̀. Ó yà sí òsì, ó tún yà sí òsì. Nígbà tó yà lẹ́ẹ̀kẹta, tí géètì ilé iṣẹ́ yọ lọ́ọ̀kán, Ìbíjọkẹ́ fi etí gèlè nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọkàn mi balẹ̀ wàyí," ó ní. "Bí Bàbá Dùnsìn ṣe dé apá ọ̀tún nìyẹn."