Ọ̀bọ Tí Wọ́n Pọ̀n Jáde

Iṣẹ́ Àwáwù ni kó máa gba ẹranko igbó tí àwọn èèyàn ń sìn nílé, kó sì dá wọn padà sínú igbó. Inú máa ń bí i tó bá rí ẹ̀wọ̀n nídìí ọ̀bọ. Ọ̀bọ Màmá Ìbùkún, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì l'Ẹ́dẹ, ti wà lórí ìso láti kékeré. Àwáwù ti pinnu pé bí ọ̀bọ náà bá ti wọkọ̀ tán, òun á sọ tẹnu òun fún Màmá.

Ṣùgbọ́n bó ṣe gé ẹ̀wọ̀n náà, ọ̀bọ bu dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá jẹ lọ́wọ́, ó sá gorí ògiri, ó ṣí eyín síta. Ajá àdúgbò ti ń gbó lójú títì.

"Màmá, báwo lẹ ṣe ń gbé e?"

"Mo máa ń pọ̀n ọ́n ni."

Àwáwù pòṣé. Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ọ̀já wá, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀. Kò rí nǹkan kan àfi ilẹ̀. Ó gbọ́ tí ọ̀bọ bẹ́ sílẹ̀. Èékánná dì í léjìká mú, èémí gbígbóná ń fẹ́ sí i lọ́rùn, níbi tí eyín ti lè wọlé. Àwáwù kò mira.

"Ẹ so ó," ó rọra sọ.

Màmá Ìbùkún so ọ̀já náà. Àwáwù ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sídìí ọkọ̀. Kó tó débẹ̀, ọ̀bọ ti gbórí lé e lẹ́yìn, ó ti sùn.

Àwáwù wo Màmá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ ló gbé mì, kó má baà jí i.