Ìyá Pa-á-rẹ́ àti Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Ìyá Pa-á-rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì bínú sí i. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló ní, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí oníbàárà bá ti dìde báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ẹ̀rọ náà, á pa gbogbo ohun tí bíráúsà fi pamọ́ rẹ́, kí ẹni tó máa jókòó tẹ̀ lé e má baà bá ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ó ní bíráúsà ò lẹ́nu, àmọ́ kì í gbàgbé: tó o bá ti wọlé síbì kan, á máa gbé àmì tí wọ́n fi mọ̀ ọ́ kiri, kí wọ́n má tún bi ọ́ pé ìwọ ta ni. Ó tún kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sára ògiri pé nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni, a kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kì í pa nǹkan orí rẹ̀ rẹ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ni ímeèlì ọkọ rẹ̀ tó ti kú ṣì wà ní ṣíṣí, inú ímeèlì náà sì ni àwọn orin tí ọkùnrin náà fi ohùn ara rẹ̀ kọ fún ọmọ wọn nígbà tó wà ní ìkókó wà. Ibẹ̀ nìkan ni ọmọ náà ti mọ ohùn bàbá rẹ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò dà á kọ síbòmíì. Ojoojúmọ́ ló ń ní lọ́la lòun máa ṣe é, lọ́la kì í sì í tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ṣọ́ọ̀bù kún. Bàbá arúgbó kan fẹ́ wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀ láti ilé ìwòsàn, àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Pa-á-rẹ́, ó ní kó jókòó sí ti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bàbá parí, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọwọ́ obìnrin náà sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tó fẹ́ tún ṣí ímeèlì ọkọ rẹ̀, páàsìwọ́ọ̀dù ni wọ́n ń bi í, kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ó fi orúkọ ọmọ gbìyànjú, ó fi ọjọ́ ìgbéyàwó gbìyànjú, títí wọ́n fi tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí láìnì ọkọ rẹ̀, tí iléeṣẹ́ fóònù ti fún ẹlòmíì tipẹ́. Ó ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́, ó sì pe láìnì náà. Ọkùnrin kan gbé e.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín. Ẹ bá mi kà á. Ọkọ mi ló ni láìnì yẹn tẹ́lẹ̀, ó ti kú. Ohùn ẹ̀ ni mò ń wá.” Ẹkún ti gbà á lẹ́nu.

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ má bínú, màmá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn onígbájúẹ̀ náà máa ń sunkún.”

Ó pa fóònù. Obìnrin náà pè é títí, kò gbé e mọ́. Ó wo ohun tó kọ sára ògiri, kò sì rí ẹ̀bi kankan tó lè dá ọkùnrin yẹn. Ká ní oníbàárà òun ni, òun ì bá yìn ín.

Ibẹ̀ ló wà tí ọmọ fi ti ilé ìwé dé. Ó kí ìyá rẹ̀, ó gbé íapíìsì kọ́ etí, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ ṣí orin bàbá òun.