Ojú Màmá Mi Lára Ike Ìpara

Mi ò fẹ́ràn kí n máa kọ orúkọ mi sórí ìwé. Àwọn tó mọ̀ mí ní Thames View, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mọ̀ pé tí wọ́n bá ní ká fọwọ́ sí nǹkan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà ṣe ìwé àwọn tó máa gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni mo máa ń jáde lọ wò bóyá bọ́ọ̀sì ti dé. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Ẹ̀rù ni. Mò ń kọ èyí nítorí pé ẹ̀rù náà ti ba nǹkan kan jẹ́ tí mi ò lè tún ṣe mọ́, nǹkan náà kì í sì í ṣe tèmi. Ti màmá mi ni.

Ọjọ́ Sátidé kan ló bẹ̀rẹ̀. Èmi àti màmá mi lọ ra èlùbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ Yorùbá kan lápá Goresbrook. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti wá ń bá mi gbé. Mò ń wá ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì lọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi.

"Ta ló gbé mi wá síbí?"

Mo rò pé òòyì ló kọ́ wọn. Mo sáré yíjú padà. Wọ́n dúró níwájú ibi tí wọ́n to ìpara sí, wọ́n di ike kan mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwòrán ọmọbìnrin kékeré kan wà lára ike náà, ó di irun ní ṣùkú, ó fi yẹtí wínníwínní sétí, ilà pélé wà lójú rẹ̀. Kò sí ìgbà kan láyé mi tí mi ò mọ àwòrán yẹn. Màmá mi ni, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún méje.

Oníṣọ́ọ̀bù, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, na ọrùn wò ó. "Ẹ̀yin nìyí, Màmá? Ẹ jẹ́ n wò ó. Háà, imú yẹn ò parọ́! Ẹ ò sọ fún wa pé gbajúmọ̀ lẹ jẹ́."

"Gbajúmọ̀ tí wọ́n jí gbé ni mí," ni màmá mi wí. "Ta ló kó o wá fún ẹ?"

"Ọkùnrin kan tó ń fi mọ́tò kó ọjà kiri ni, Mà. Ó ní òun lòun ń ṣe é, ní Dagenham níbí. Ó ní láìpẹ́, kò ní sẹ́ni tó lè lo àwòrán yẹn mọ́ àfi òun, pé òun ti kọ̀wé sí ìjọba."

"Ìjọba wo?"

"Ìjọba ibí náà ni, Mà."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ jù," wọ́n ní. "Ìjọba ibí ti mọ̀ mí kí wọ́n tó bí i."

Bàbá màmá mi ló bẹ̀rẹ̀ ìpara náà, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Òrí àti àdín àgbọn ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ewé kan tí wọn kì í dárúkọ níwájú àlejò. Àwọn ìyálọ́mọ ló ń rà á fún èéyi ara ọmọ. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ayédèrú sínú agolo tó jọ tiwọn, akọ̀wé kan gba bàbá àgbà níyànjú pé kí wọ́n lọ fi àmì ọjà wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Èkó. Wọ́n wá ayàwòrán, wọ́n ní kó ya ojú ọmọ wọn. Ọmọ náà ò lè jókòó jẹ́ẹ́, ayàwòrán sì ń kánjú. Ó fa ilà mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó fa méjì péré sí èkejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá àgbà lọ sí Èkó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìránṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí wọ́n ṣí fìlà. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní àwòrán kan ò tó, kí wọ́n lọ mú sí i wá. Ní ìgbà kẹta, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ títí ọ́fíìsì fi palẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ìgbà kẹrin ni wọ́n gba ìwé náà, tí adé Ọba Gẹ̀ẹ́sì wà lókè rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti wá kà á pé ilà ò pé. Akọ̀wé ní ohun tí ìjọba bá ti gbà wọlé, kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí màmá mi fi ní ilà mẹ́fà lójú, tí ojú wọn tó wà lọ́dọ̀ ìjọba sì ní márùn-ún.

Bàbá àgbà fi gíláàsì bo ìwé náà, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Wọ́n sọ fún gbogbo ilé pé Ọba tó ni Lọ́ńdọ̀nù ló fún àwọn, nítorí náà kò sí ibi tí Ọba náà ti ń jọba tí ẹnikẹ́ni á ti lè fi ojú ọmọ àwọn ṣòwò. A gbà á gbọ́. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá gbà á gbọ́. Nígbà tí màmá mi ń bọ̀ níbí, wọ́n yọ aṣọ òfì méjì kúrò nínú àpótí kí ìwé náà lè ráyè.

Bá a ṣe délé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, wọ́n gbé e fún mi. "Mú un lọ bá wọn. Kàn fi hàn wọ́n ni. Ọ̀rọ̀ ò ní pọ̀ rárá."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo mú un lọ bá ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa tó jẹ́ lọ́yà. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bàtà wa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí, ìwé yìí rẹwà o. Ó yẹ kó wà ní mùsíọ́ọ̀mù."

"Ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Àǹtí mi, ìwé Èkó ni. Adé kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá gbà ní Èkó, Èkó ló ń dáàbò bò. Kò dé Lọ́ńdọ̀nù láyé ìgbà yẹn, kò sì dé e lónìí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó dé ibòmíì gbọ́dọ̀ lọ béèrè níbẹ̀. Ti Èkó gan-an, wọ́n máa ń sọ ọ́ dọ̀tun ni. Ìgbà wo lẹ ṣe é kẹ́yìn?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń ṣe é. Kò bi mí pé ẹ̀gbọ́n mi dà.

Ó wo fóònù rẹ̀, ó sì rí ìwé ọkùnrin ọ̀hún. Ìjọba ti gbé e jáde kí gbogbo ayé lè rí i, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè kọ̀wé àtakò. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí àkókò àtakò tó parí.

"Ẹ má fòyà," ó ní. "Ẹ ní ohun tó dára ju ìwé yìí lọ. Ẹ wo ilà tó wà nínú tiẹ̀ náà: mẹ́ta, méjì. Ta ló máa fúnra rẹ̀ ṣe irú àṣìṣe yìí? Ọkùnrin náà ti di agolo yín mú rí. Màmá fúnra wọn sì wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé."

"Kí la máa kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ ẹni tó ń ṣàtakò àti àdírẹ́sì. Mo lè yá yín ní àdírẹ́sì ọ́fíìsì wa. Orúkọ ni kò ṣeé yá."

"Ta ló máa rí i?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù, Àǹtí."

"Tó bá wà ní Èkó ńkọ́?"

"Ibi yòówù kó wà."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi, mo sì máa sọ ọ́ ní ṣókí. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Òun ló gba iṣẹ́ ìpara lọ́wọ́ màmá mi, tó gbé e lọ sí Èkó, tí mo sì ń bá a ṣe é. Nígbà tí àwọn kan ń ta ayédèrú, ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kọ nọ́ńbà ilé àti òpópónà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé. Kò pé oṣù kan tí àwọn ọkùnrin kan fi wọlé lọ́sàn-án gangan, ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń ka orúkọ bí olùkọ́ ṣe ń pe ọmọ ní kíláàsì. Mo wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Èmi ni." Òrí àti àdín máa ń tètè gbiná. Èmi fo ògiri. Òun ò jáde.

Mo lọ sọ ohun tí mo mọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo fọwọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan ti bébà gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi. Orúkọ mi nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Bí mo ṣe dé ìlú yìí nìyẹn.

Mi ò sọ ìyẹn fún lọ́yà. Mo sọ fún màmá mi pé ìwé bàbá wọn ò dé ibí, pé a ní láti kọ òmíràn, orúkọ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Inú bí wọn sí Ọba tó ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Kọ tèmi. Mo ti dàgbà, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Wàá kàn bá mi kọ ọ́ lédè òyìnbó ni."

Orúkọ ìdílé kan náà la jọ ń jẹ́. Ẹni tó bá rí màmá mi ti rí mi.

Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí fọ́ọ̀mù àtakò náà lórí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ sílé àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú. Màá kọ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn, màá sì pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, màmá mi béèrè bóyá mo ti fi ránṣẹ́. Mo ní mo ti fi ránṣẹ́.

Inú wọn dùn gan-an. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Ọlọ́run tó gbọ́ ti bàbá wọn ní Èkó ti fẹ́ gbọ́ tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọ pariwo halelúyà. Lọ́yà yíjú wò mí láti ọ̀dọ̀ àwọn akọrin. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ náà, mi ò gbé e. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọjọ́ ti kọjá nígbà yẹn.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, lọ́yà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ti fún un, Àǹtí. Ó ti di tiẹ̀." Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí.

Mo sọ ọ́ fún màmá mi ní ilé ìdáná, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Wọ́n ní ìwé wa ò dára tó?"

"Wọn ò rí i, Màmá. Mi ò fi ránṣẹ́."

Wọ́n ṣì ń ṣa ẹ̀wà. "Tèmi ni mo ní kí o kọ."

"Ẹ̀rù bà mí ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀." Wọ́n mú òkúta kan jáde, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ tiẹ̀."

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọjọ́ náà títí di òní. Wọ́n ń kí mi káàbọ̀ bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, wọ́n ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìta ni wọ́n máa ń dúró sí.

Lóṣù tó kọjá, àkókò tó láti gba káàdì bọ́ọ̀sì tuntun fún wọn, mo sì mú wọn lọ ya fọ́tò lẹ́bàá Barking Station. Ará Bangladesh ni ayafọ́tò náà, ó ń pè wọ́n ní Màmá, nítorí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwa oníbàárà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbójú sókè.

"Bi í," wọ́n sọ fún mi ní Yorùbá, "bóyá ó ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú náà."

Ayafọ́tò wò mí. "Kí ni Màmá wí?"

Mo sọ fún un pé wọ́n ní àwọn ti ṣe tán.