Ìbò Tí A Dì Lórí Fóònù

Èmi ni mo fa màmá mi wọ inú kírípútò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, n ò ní parọ́. Ọmọ mi ṣì ń mu ọmú nígbà náà, mo wà nílé ní Fìdítì, orí fóònù ni mo ti rí kọ́ìnì tuntun kan. Àwọn tó ń ṣe é ní iṣẹ́ ò tíì parí, alátìlẹ́yìn làwọn ń wá. Ẹni tó bá bá àwọn kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀, àwọn jọ ni ín ni, tiwa-n-tiwa. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ wa, ọ̀pọ̀ sì dara pọ̀. Màmá mi, tí wọ́n ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìlora, fi owó tí wọn ì bá fi háyà katakata túlẹ̀ sí i.

"Ṣé owó náà á ti jáde kí òjò tó dé?"

"Á ti jáde, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tí òjò kù díẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo wa dìbò: ṣé kí wọ́n ṣí owó wa sílẹ̀, àbí kí wọ́n tì í pa fún ọdún méjì sí i kí iṣẹ́ lè tẹ̀síwájú. Inú mi dùn. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa, owó ẹ ìbáà kéré, ìbáà pọ̀, ọwọ́ kan lo máa nà sókè. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Mo pọn ọmọ mi, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà kan ní kí n tẹ ti ọkọ wọn tó ti kú mọ́ ọn.

"Ìyá, òkú kì í dìbò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ṣebí wọ́n ń dì í nínú ti ìjọba."

A rẹ́rìn-ín. Mo gun ọ̀kadà dé Ìlora, màmá mi náà tẹ tiwọn. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tì í.

Wọ́n tì í. Mo kọ̀wé béèrè, wọ́n sì fèsì tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé bí owó èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni ìbò rẹ̀ ṣe ń wúwo tó. Ilé-iṣẹ́ kan tó ti dókòwò sí i kí a tó gbọ́ nípa rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí wọ́n tì í, ìyẹn sì borí ti gbogbo wa. Wọ́n kí wa kú àtìlẹ́yìn. Ó wà nínú ìwé wọn tẹ́lẹ̀, mo kà á. Kò yé mi ni.

Mo lọ sọ fún màmá mi.

"Ẹnì kan ṣoṣo?"

"Ilé-iṣẹ́ ni, mà."

"Ó ní ẹni tó ni ín. Lọ wá ẹni tó máa bá wa bẹ̀ ẹ́."

Bí ọ̀gá iléèwé bá lé ọmọ, bí onílé bá bínú, a mọ bí a ṣe ń mú àgbàlagbà dání lọ kúnlẹ̀. Ti eléyìí, n ò mọ ìlú tó wà, n ò mọ ojú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé a wà láyé.

Òjò rọ̀. Katakata túlẹ̀ oko tó tẹ̀ lé tiwa, ó sì kọjá lọ. Màmá mi gbé ọkọ́, èmi náà gbé ọ̀kan, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Títí oòrùn fi mú, ebè tí a kọ ò tíì dé ìdí igi tó sún mọ́ wa jù lọ nínú oko. Màmá mi nà ró, wọ́n di ìbàdí mú, wọ́n bi mí bóyá mo ti rí ẹni tó máa bá wa bẹ̀ ẹ́.

Mo ní mo ṣì ń wá a.