Ẹ̀rọ Omi Tó Wọ Inú Gíláàsì

Àwọn tó kọ ìtàn ìlú wa sára ògiri kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ará ìlú lọ́dún tí a gba òmìnira. Irọ́ gbáà ni. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló dé òpópónà wa. Ìyá mi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, torí pé kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ló ti di Ìyá Ẹ̀rọ. Èmi tó bí wá di Ọmọ Ẹ̀rọ, bí ẹni pé páìpù ló bí mi.

Gbogbo ohun tójú ìlú yìí rí ló ṣojú ẹ̀rọ náà. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má jáde, ìyá mi wọ bàtà, ó lọ ṣí omi. Sójà kan na ìbọn sí i. Ìyá mi na korobá sí òun náà.

“Ọmọ mi, ṣé òùngbẹ ò gbẹ ọ́ ni?”

Sójà mumi tán, ó tún bá a to àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n kọ́ afárá gba orí òrùlé wa kọjá, omi ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi po sìmẹ́ńtì. Kò sẹ́ni tó kí ìyá mi kú iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ri páìpù wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gé rìbọ́n, wọ́n ya fọ́tò. Omi ò tẹ̀ lé páìpù náà wọlé títí dòní.

Ìgbà tí ìlú fẹ́ ṣayẹyẹ ọjọ́ orí rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìlú.

“Ẹ kú ilé mà. Ẹ̀rọ yìí ti di ohun ìtàn. A fẹ́ gbé e lọ sílé tí à ń kó nǹkan àtijọ́ sí, kó má baà bàjẹ́.”

“Kí la ó wá máa mu?”

“Ẹ̀rọ wà nínú ilé yín, mà. Ó wà nínú ìwé wa.”

Ìyá mi fà á wọ ilé ìdáná, ó ṣí ẹ̀rọ fún un. Afẹ́fẹ́ fọn fèrè jáde.

“Ṣó o ti gbọ́ bí ìwé yín ṣe ń dún?”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kó ọlọ́pàá wá, wọ́n hú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí à ń mu omi rẹ̀, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dí ojú ihò. Wọ́n fẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi láti ìsàlẹ̀ afárá, níbi tí ọṣẹ àti epo mọ́tò ti ń ṣàn pọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí bèèrè kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n fún ìyá mi ní àga níwájú. Ẹ̀rọ wa wà nínú àpótí gíláàsì, wọ́n ti fi nǹkan nù ún, ó ń dán, iná sì ń tàn lé e lórí. Ọ̀gá pátápátá ní ọ́fíìsì ìlú dìde, ó ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá mi náà dìde. Ó gbé korobá sí iwájú gíláàsì. Àwọn obìnrin òpópónà wa tò sẹ́yìn rẹ̀, tàwọn ti korobá lọ́wọ́, bí wọ́n ti máa ń tò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sọ́wọ́ ọ̀gá.

“Ẹ kú ọ̀rọ̀, sà. A ti tò. Ẹ bá wa ṣí i.”

Ọ̀gá di kọ́kọ́rọ́ mú, kò mọ ibi tí yóò fi í sí.